Abẹ́rẹ́ àjẹsára irorẹ́: ojú ẹni tó ń kà á ni ìdánwò náà dúró lé

Irorẹ́ kì í pa èèyàn, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló ń fojú kéré rẹ̀. Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ọmọ tó ń bàlágà ni, yóò kọjá lọ. Lára àwọn kan, kì í kọjá lọ bọ̀rọ̀. Ó ń wú bí eéwo, ó ń ro ni, ó sì ń fi àpá àti àmì dúdú sílẹ̀ tó lè pẹ́ lójú fún ọdún mélòó kan. Àìsàn gidi ni, ó sì yẹ kí a fi ojú àìsàn gidi wo ìwòsàn rẹ̀.

Lọ́dún 2024 ni iléeṣẹ́ Sanofi ti ilẹ̀ Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í dán abẹ́rẹ́ àjẹsára irorẹ́ kan wò lára àwọn ẹni ọdún 18 sí 45 tí irorẹ́ wọn wà ní ìwọ̀n àárín tàbí tó le. Ìròyìn náà tàn ká orí íntánẹ́ẹ̀tì, kálukú sì ń béèrè ìgbà tí yóò dé ọjà. Ìbéèrè kan wà tó ṣáájú ìyẹn: báwo la ṣe máa mọ̀ pé ó ṣiṣẹ́? Kò sí ẹ̀rọ tí a lè fi wọn irorẹ́ bí a ṣe ń wọn ìfúnpá. Ojú èèyàn ló ń kà á, ìka èèyàn ló ń tẹ̀ ẹ́ wò. Ibẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé, ibẹ̀ náà ló sì ti rọrùn jù láti ṣìnà, pàápàá lára àwa aláwọ̀ dúdú.

Ohun tí abẹ́rẹ́ náà ń bá jà

Ihò irun kọ̀ọ̀kan tó wà lójú, láyà àti lẹ́yìn ní ẹṣẹ́ kékeré tó ń tú ọ̀rá sínú rẹ̀. Nígbà tí èèyàn bá ń bàlágà, àwọn hòmóònù tí wọ́n ń pè ní androgen á mú kí ẹṣẹ́ yìí túbọ̀ máa tú ọ̀rá. Awọ tó ti kú nínú ihò náà, tó yẹ kó máa ré bọ́, á wá lẹ̀ mọ́ra wọn, á sì dí ọ̀nà. Bí ẹnu ihò bá dí pátápátá, kókó funfun kékeré ló máa ń yọ. Bí ẹnu rẹ̀ bá ṣí, orí ohun tó dí i á dúdú. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí rárá. Àwọ̀ ara wa àti ọ̀rá tí atẹ́gùn ti kàn ló dúdú bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí fífi kànìnkànìn ha ojú kò fi lè ṣí i kúrò, tó sì máa ń dá egbò sí ojú.

Nínú ọ̀rá yìí ni bakitéríà kan tó ń jẹ́ Cutibacterium acnes ń gbé. Ṣáájú ọdún 2016, Propionibacterium acnes ni wọ́n ń pè é, nítorí náà orúkọ àtijọ́ yẹn ni ẹ ó rí nínú ìwé tó ti pẹ́. Kò fẹ́ràn atẹ́gùn, ihò tó ti dí sì tẹ́ ẹ lọ́rùn dáadáa. Ó ń jẹ ọ̀rá náà, ó sì ń tú àwọn èròjà tó ń ta ara wa jí. Àwọn ọmọ ogun ara á ya bò ó, ibẹ̀ á wú, á gbóná, á gba ọyún. Ìgbà yẹn ni kókó lásán di irorẹ́ tó ń dunni.

Kò sí ẹni tí bakitéríà yìí kò sí lára rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ ń dán tí kò ní irorẹ́ kankan ní in bákan náà, ó sì ń ṣe ara láǹfààní, nítorí ó ń gba àyè lọ́wọ́ àwọn kòkòrò tó burú jù ú lọ. Èyí ló mú kí àjẹsára irorẹ́ yàtọ̀ sí ti rọpárọsẹ̀ tàbí ti ṣànpọ̀nná. Àwọn kòkòrò ìyẹn jẹ́ àlejò, èèyàn lè fẹ́ lé wọn pátá. C. acnes jẹ́ ará ilé. Bí abẹ́rẹ́ bá pa gbogbo rẹ̀ run, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun tó máa gba ipò rẹ̀ kò ní burú jù ú lọ.

Ìdí nìyẹn tí àwọn olùwádìí fi dojú kọ ohun tí bakitéríà náà ń tú jáde, tí wọ́n fi bakitéríà fúnra rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dún 2018, Chun-Ming Huang àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní yunifásítì California ní San Diego tẹ iṣẹ́ kan jáde lórí èròjà olóró kan tó ń jẹ́ CAMP. Wọ́n fi CAMP ṣe àjẹsára fún eku, wọ́n sì lo ọmọ ogun ara irú èyí tí wọ́n ń pè ní antibody, tó ń dì mọ́ CAMP, lórí awọ tí wọ́n gé níbi tí irorẹ́ wà lára èèyàn, èyí tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo. Wíwú ibẹ̀ dín kù.

Lọ́dún 2023, àwọn mìíràn ní yunifásítì yẹn kan náà, tí George Liu ṣáájú wọn, fi ohun kan hàn tí mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀yà C. acnes tó wọ́pọ̀ lójú tó ní irorẹ́ ń tú ẹ́ńsáìmù kan jáde tó ń jẹ́ HylA. Ẹ̀yà tó wọ́pọ̀ lójú tó mọ́ ń tú ìbátan rẹ̀, HylB. Àwọn méjèèjì ló ń gé hyaluronic acid tó wà nínú awọ wa. HylA ń gé e sí wẹ́wẹ́ tó ṣì tóbi díẹ̀, wẹ́wẹ́ wọ̀nyẹn ló sì ń bí àwọn ọmọ ogun ara nínú. HylB ń lọ̀ ọ́ kúnná débi pé ara kì í bínú sí i. Nítorí náà, bí abẹ́rẹ́ bá kọ́ ara láti mú HylA nìkan, ó lè fi bakitéríà rere sílẹ̀ lálàáfíà. Nígbà tí wọ́n fi HylA ṣe àjẹsára fún eku, irorẹ́ tí wọ́n dá sí eku náà lára kò le tó ti tẹ́lẹ̀.

Eku ni o. Ọ̀rá ara eku kò rí bíi tiwa, eku kì í sì í dédé ní irorẹ́. Àwọn olùwádìí ní láti po ọ̀rá àtọwọ́dá tó jọ ti èèyàn, kí wọ́n máa fi pa eku náà lára, kí bakitéríà tó lè rí oúnjẹ jẹ níbẹ̀. Ohun tó bá ṣiṣẹ́ lára eku tí wọ́n fi ọ̀rá àtọwọ́dá pa lára, a gbọ́dọ̀ tún un dán wò lára èèyàn láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èrò náà kì í sì í ṣe tuntun. Lọ́dún 1909, Alexander Fleming, ẹni tó wá ṣàwárí penicillin lẹ́yìn náà, kọ àpilẹ̀kọ kan nínú ìwé ìròyìn The Lancet lórí ohun tó ń fa irorẹ́ àti bí wọ́n ṣe lè fi àjẹsára wò ó. Ilé ìwòsàn St Mary's ní London ló ti ń ṣiṣẹ́, lábẹ́ Almroth Wright. Bakitéríà tí wọ́n ti pa ni wọ́n ń lò nígbà náà, odindi rẹ̀, rere àti búburú pọ̀. Kò tíì sí ọ̀nà láti mú èròjà kan ṣoṣo. Kò sì tíì sí àṣà kí wọ́n pín àwọn aláìsàn sí ọ̀nà méjì láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ ohun tó gbà. Nítorí náà, a kò lè fi iṣẹ́ ìgbà yẹn ṣèdájọ́ pé àjẹsára irorẹ́ ń ṣiṣẹ́ tàbí kò ṣiṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ ti Sanofi wá láti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kékeré kan ní Vienna, Origimm, tí wọ́n kéde pé àwọn ń rà ní oṣù Kejìlá ọdún 2021. Origimm ti ń fi èròjà bakitéríà náà fúnra rẹ̀ ṣe àjẹsára. Sanofi gbé e sórí mRNA. Ìyẹn ni pé ìwé ìlànà ni wọ́n ń fún ara, tí wọ́n pọ́n sínú bíńtín ọ̀rá. Àwọn sẹ́ẹ̀lì iṣan apá á ka ìlànà náà, wọ́n á ṣe èròjà bakitéríà náà fúngbà díẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á rí i, wọ́n á sì kọ́ bí a ṣe ń mú un. Lẹ́yìn náà ìlànà yẹn á bàjẹ́ dànù.

Ta ló lè wọlé

Wọn kì í gba ẹni tí irorẹ́ rẹ̀ kéré, nítorí kò ní sí ohun tó máa dín kù tí a lè rí. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ni IGA, ìyẹn bí dókítà ṣe rí gbogbo ojú lápapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 4. 0 túmọ̀ sí pé ojú mọ́, 1 pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, 2 pé irorẹ́ kéré, 3 pé ó wà ní ìwọ̀n àárín, 4 pé ó le. Ẹni 3 tàbí 4 ni wọ́n ń wá.

Kí wọ́n tó gún ẹnikẹ́ni ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ́ kúrò nínú oògùn irorẹ́ mìíràn. Nínú ìdánwò irorẹ́, ó wọ́pọ̀ kí wọ́n béèrè ọ̀sẹ̀ 2 sí 4 láìlo ìpara oògùn, ọ̀sẹ̀ 4 láìlo oògùn apakòkòrò tí a ń gbé mì bíi doxycycline, àti oṣù 6 láìlo isotretinoin. Isotretinoin ló ń gba àkókò jù, nítorí ó ń mú kí ẹṣẹ́ ọ̀rá fúnra rẹ̀ sún kì, kì í sì í tètè padà bọ̀ sípò. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a dúró bá gba abẹ́rẹ́ tí ojú rẹ̀ wá ń mọ́, ta ni a ó yìn?

Ẹ jẹ́ kí n bá àwọn tiwa sọ̀rọ̀ níbí, yálà ní London ni tàbí ní Houston. Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá béèrè ohun tí ẹ ń fi pa ojú, ẹ má ṣe dárúkọ èyí tí dókítà kọ fún yín nìkan. Ẹ dárúkọ ọṣẹ dúdú, òrí, àdín, ìpara irun tó ń ṣàn wá síwájú orí, àti ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìpara abóra. Ọ̀pọ̀ ìpara abóra ní èròjà sítẹ́rọ́ìdì bíi clobetasol nínú, àwọn mìíràn kò sì kọ ọ́ sára ike. Sítẹ́rọ́ìdì kọ́kọ́ máa ń jẹ́ kí irorẹ́ rọlẹ̀, lẹ́yìn náà òun fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í dá irorẹ́ sílẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ dọ́gba bákan náà, kékeré, pupa tàbí dúdú, láìsí kókó funfun láàrin wọn. Bí èèyàn bá sì dá ìpara náà dúró lójijì, ojú á ru gùdù fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹni tó dá a dúró ní ọjọ́ tó wọ ìdánwò, tó sì fi ìtìjú pa á mọ́, ti ba ìṣirò jẹ́ láìmọ̀, ó sì lè rò pé abẹ́rẹ́ ló ba ojú òun jẹ́.

Ohun mìíràn tún wà tó jọ irorẹ́ tí kì í ṣe irorẹ́. Bí kókó wẹ́wẹ́ bá kún iwájú orí, àyà àti ẹ̀yìn, tí gbogbo wọn dọ́gba, tó sì ń yún èèyàn gan-an, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olú tín-ín-tín (fungus) inú ihò irun tó ń jẹ́ Malassezia ló fà á. Àwọn kókó líle tó ń yọ lẹ́yìn ọrùn lẹ́yìn tí a bá fá orí tún jẹ́ nǹkan mìíràn pátápátá. Abẹ́rẹ́ tó ń bá C. acnes jà kò lè ṣe ohunkóhun fún èyíkéyìí nínú méjèèjì. Dókítà tó bá gbà wọ́n wọlé ti fi òfìfo kún iye àwọn tí abẹ́rẹ́ kò ṣiṣẹ́ fún.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́

Apá yìí ló rọrùn jù. Kọ̀ǹpútà ló ń pín àwọn olùyọ̀ǹda: àwọn kan á gba abẹ́rẹ́ gidi, ní ìwọ̀n oríṣiríṣi, àwọn yòókù á gba abẹ́rẹ́ tí kò ní oògùn nínú, ó sábà máa ń jẹ́ omi iyọ̀. Ìwọ̀n tó kéré jù ni wọ́n ń kọ́kọ́ fún àwọn èèyàn díẹ̀. Ìgbìmọ̀ kan tí kò sí lábẹ́ iléeṣẹ́ náà á wo bí ara wọn ṣe gbà á, kí wọ́n tó gòkè sí ìwọ̀n tó tẹ̀ lé e.

Mo rí i pé ọ̀pọ̀ ìròyìn fò ohun kan dá. Oògùn mRNA máa ń funfun díẹ̀ bí omi tí a fi wàrà díẹ̀ sí, omi iyọ̀ sì mọ́ gaara. Ẹni tó bá ń wò ó á mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà apoògùn tó ń fà á sínú sírínjì gbọ́dọ̀ wà ní yàrá ọ̀tọ̀, kó fi bébà tàbí ike tí ojú kò lè là já wé sírínjì náà, kó má sì bá dókítà tó ń ka irorẹ́ sọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìlànà tí èyí ń tẹ̀ lé ni pé ẹni tó pèsè abẹ́rẹ́ mọ̀, aláìsàn kò mọ̀, ẹni tó ń ka irorẹ́ kò mọ̀.

Ìgò oògùn náà máa ń wà nínú fírísà tó tutù gan-an. Bó bá ti yọ́, a kì í dá a padà sínú fírísà, a kì í sì í mì ín jìgìjìgì. Ṣe ni a ń rọra dojú rẹ̀ délẹ̀ ká sì gbé e dìde mélòó kan. Mímì líle àti dídì lẹ́ẹ̀kejì ń fọ́ bíńtín ọ̀rá tó wé mRNA. Bó bá ti fọ́, mRNA á bàjẹ́ kó tó wọ sẹ́ẹ̀lì, aláìsàn náà á sì wà nínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó gba oògùn, nígbà tí kò gba ohunkóhun. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n òtútù fírísà sílẹ̀ tọ̀sán-tòru. Níbi tí iná ti ń lọ lójijì, àkọsílẹ̀ yẹn ṣe pàtàkì ju jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀ lọ, nítorí jẹnẹrétọ̀ kò lè sọ wákàtí mélòó ni fírísà fi gbóná kí wọ́n tó tàn án.

Inú iṣan èjìká ni wọ́n ń gún un sí, abẹ́rẹ́ á dúró gbọọrọ. Abẹ́rẹ́ tó gùn tó mílímítà 25 tó fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, ẹni tí apá rẹ̀ sanra ń fẹ́ èyí tó gùn sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ inú ọ̀rá ni oògùn á parí sí. Lẹ́yìn náà aláìsàn á jókòó fún ó kéré tán ìṣẹ́jú 30, nítorí bí ara ẹnì kan bá máa kọ oògùn náà lọ́nà tó léwu, àsìkò yẹn ló sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

Ó máa ń gbé ìwé kékeré tàbí áàpù lọ sílé, yóò sì máa kọ ohun tó ṣe é fún ọjọ́ 7: apá ríro, ẹ̀fọ́rí, àárẹ̀, ibà. Kí wọ́n fún un ní tẹmómítà, kó máa kọ nọ́ńbà. 38.0 dé 38.4 jẹ́ ibà kékeré, 38.5 dé 38.9 jẹ́ ìwọ̀n àárín, láti 39.0 lọ sókè ti le. “Ara mi gbóná” nìkan kò tó. Wọ́n tún máa ń fún un ní rúlà láti wọn bí ibi abẹ́rẹ́ ṣe pọ́n tó. Lára awọ dúdú, pípọ́n yẹn lè má hàn rárá bó tilẹ̀ wà níbẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kọ́ ọ bó ṣe máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ mọ ibi tó gbóná, kó fi ìka wá etí ibi tó le, kó wá wọn ìyẹn.

Kíka ojú

Ibi tí mo ń bọ̀ nìyí. Àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, fi ìmọ̀ràn síta lọ́dún 2018 lórí ohun tó máa jẹ́ kí wọ́n gbà pé oògùn irorẹ́ ṣiṣẹ́. Wọ́n ń fẹ́ kí iye irorẹ́ tó wú dín kù ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ, kí iye àwọn kókó tí kò wú náà dín kù, kí àwọn tó dé 0 tàbí 1 lórí òṣùwọ̀n IGA, lẹ́yìn tí wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele 2 ó kéré tán, sì pọ̀ ju ti ẹgbẹ́ kejì lọ. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 4 tó wá dé 2 ti rí ìtura ńlá, ṣùgbọ́n lórí òṣùwọ̀n yìí kò yege.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń kà á. Aláìsàn á ti fọ ojú rẹ̀, á sì ti dúró díẹ̀ kí pípọ́n tí omi fà lọ. Wọ́n á pín ojú sí iwájú orí, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì àti àgbọ̀n. Ìlànà ìdánwò gbọ́dọ̀ sọ bóyá imú wọ inú rẹ̀ tàbí kò wọ̀ ọ́, nítorí àwọn tótòtó dúdú orí imú pọ̀ débi pé wọ́n lè bo gbogbo ìyípadà yòókù mọ́lẹ̀. Apá kan ni wọ́n ń kà tán kí wọ́n tó bọ́ sí òmíràn. Wọ́n á kọ́kọ́ ka àwọn tó wú: kókó tí kò ní ọyún, èyí tó ní ọyún, àti èyí tó tóbi ju mílímítà 5 lọ tó wọ inú awọ. Lẹ́yìn náà, wọ́n á fi ìka méjì na awọ, kí iná máa ti ẹ̀gbẹ́ wá, kí wọ́n wá ka kókó funfun wẹ́wẹ́. Bí iná bá ń ti òkè tàán wá, kò sí òjìji, kókó wọ̀nyẹn á sì farapamọ́. Dókítà tí kò na awọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, tó wá nà án ní ọ̀sẹ̀ kejìlá, á kà á pé irorẹ́ pọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹni tó ka ojú aláìsàn kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló yẹ kó máa kà á títí dé òpin. Bí ó bá ṣàìsàn tàbí ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ìdánwò náà ti pàdánù ohun tí owó kò lè rà padà.

Lára awọ dúdú, iṣẹ́ náà túbọ̀ le. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń ṣàpèjúwe IGA dá lórí pípọ́n. Lójú wa, irorẹ́ tó ń wú lè dà bí àwọ̀ ilẹ̀, tàbí kó ní àwọ̀ elésè àlùkò, tàbí kó kàn dúdú ju ibi tó yí i ká lọ. Bí ó bá sì jinná, ó ń fi àmì dúdú sílẹ̀ tó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Àṣìṣe méjì ló ń tibẹ̀ wá. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò mọ awọ wa á fo irorẹ́ tó ṣì ń wú kọjá nítorí kò pọ́n, tàbí kó ka àmì dúdú tó ti tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́ irorẹ́. Èkejì ló burú jù fún abẹ́rẹ́ yìí, nítorí àjẹsára lè dá irorẹ́ tuntun dúró lóòótọ́ kí àmì àtijọ́ sì wà lójú síbẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò ṣiṣẹ́ fún àwọn aláwọ̀ dúdú.

Ìka ló ń yanjú rẹ̀. Kí ẹni tó ń kà á fi orí ìka tó wọ ìbọ̀wọ́ tín-ínrín gba orí ibi dúdú náà kọjá. Bí ó bá ga tàbí ó le, irorẹ́ ni. Bó bá tẹ́, àmì ni, kí wọ́n kọ ọ́ sí ìwé ọ̀tọ̀. Ìwé ọ̀tọ̀ yẹn ṣe pàtàkì, nítorí tí ẹ bá bi ọ̀pọ̀ nínú wa léèrè, àmì dúdú ló ń dùn wá ju irorẹ́ fúnra rẹ̀ lọ, ìdánwò tí kò bá sì kà á rárá kò dáhùn ìbéèrè aláìsàn. Fọ́tò náà gbọ́dọ̀ wà, láti iwájú, ọ̀tún àti òsì, pẹ̀lú iná kan náà, ọ̀nà kan náà sí kámẹ́rà, kí wọ́n sì pa àtúnṣe tí kámẹ́rà fóònù ń ṣe fúnra rẹ̀. Fóònù tó ń mú awọ dán ti pa irorẹ́ rẹ́ kí dókítà tó dé.

Ohun tó ń ba èsì jẹ́

Irorẹ́ máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Ìgbà tó le jù lèèyàn ń wá ìdánwò lọ, nítorí náà bí wọn kò tilẹ̀ ṣe ohunkóhun, ó ṣeé ṣe kó dín kù. Nínú ìdánwò ìpara irorẹ́, kì í ṣe ohun àjèjì kí irorẹ́ àwọn tó gba ìpara tí kò ní oògùn dín kù ní bí ìdá kan nínú mẹ́ta. Ẹ rò ó wò: bí àwọn tó gba abẹ́rẹ́ bá ti 40 bọ́ sí 20, ó dùn létí. Bí àwọn tó gba omi iyọ̀ bá ti 40 bọ́ sí 26, irorẹ́ 6 péré ni abẹ́rẹ́ náà fi ta wọ́n yọ. Nítorí náà, bí ẹ bá rí ìròyìn tó ní irorẹ́ dín kù sí ìdajì, ẹ wá nọ́ńbà ẹgbẹ́ kejì kí ẹ tó yọ̀.

Èyí tó tún ń dà mí láàmú ni pé abẹ́rẹ́ mRNA máa ń ro apá gan-an. Omi iyọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ní ibà lálẹ́ ọjọ́ kejì á ti mọ̀ pé òun gba oògùn gidi, ẹni tí ohunkóhun kò ṣe á mọ̀ pé omi ni, ó sì lè lọ ra ìpara tirẹ̀ tàbí kó má padà wá mọ́. Ọ̀nà kan láti dín èyí kù ni kí wọ́n sọ fún aláìsàn pé kó má sọ ohun tó ṣe é fún ẹni tó ń ka ojú rẹ̀. Kí nọ́ọ̀sì kan gba ìwé ibà, kí ẹlòmíràn ka irorẹ́, kí àwọn méjèèjì má pàdé lórí ọ̀rọ̀ náà. Lópin, kí wọ́n bi aláìsàn àti dókítà léèrè ohun tí wọ́n rò pé ó gbà, kí wọ́n sì tẹ ìdáhùn náà jáde.

Nǹkan oṣù obìnrin náà wà níbẹ̀. Irorẹ́ ọ̀pọ̀ obìnrin máa ń le sí i ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú nǹkan oṣù. Bí ó bá yí oògùn ìfètòsọ́mọbíbí padà láàrin ìdánwò, ojú rẹ̀ lè mọ́ tàbí kó bàjẹ́ nítorí ìyẹn nìkan. Wọ́n gbọ́dọ̀ béèrè ní gbogbo ìgbà tó bá wá, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀jẹ̀ ń sọ apá kan ìtàn náà. Wọ́n á fà á sínú ike, wọ́n á gbé e dúró fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 60 kó dì, wọ́n á yí i nínú ẹ̀rọ, wọ́n á sì gbé omi òkè rẹ̀ sínú fírísà ìwọ̀n 80 sísàlẹ̀ òdo. Ike tí wọ́n mì á fọ́ ẹ̀jẹ̀, omi náà á pọ́n, àyẹ̀wò á sì ṣe ségesège. Ohun tí wọ́n ń wá nínú rẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun ara tó ń dì mọ́ èròjà bakitéríà náà, àti bóyá wọ́n lè dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n inú ihò irun ni ìjà wà, kì í ṣe inú ẹ̀jẹ̀. Èèyàn lè ní ọmọ ogun púpọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kí díẹ̀ péré sì dé inú ihò tí ọ̀rá ti dí. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo bébà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń lẹ̀ mọ́ awọ tàbí gíláàsì tí a fi gúlúù cyanoacrylate lẹ̀ mọ́ awọ láti fa ohun tó wà nínú ihò náà jáde, kí wọ́n lè ka irú ẹ̀yà C. acnes tó kù níbẹ̀. Bí ẹ̀yà búburú bá dín kù tí rere sì dúró, ìyẹn ni ẹ̀rí tí mo ń retí jù.

Kí ẹ tó fọwọ́ síwèé

Ìpìlẹ̀ ìdánwò náà ni ààbò. Àwọn abẹ́rẹ́ mRNA ti kòrónà kọ́ wa pé iṣan ọkàn lè wú, ó ṣọ̀wọ́n gan-an, àwọn ọ̀dọ́kùnrin ló ń bá jù, lẹ́yìn abẹ́rẹ́ kejì jù lọ, láàrin ọ̀sẹ̀ kan. Àwọn ọ̀dọ́ gan-an ló sì ń ní irorẹ́. Àyà tó ń dunni, èémí tó ń kúrú tàbí ọkàn tó ń lù kìkì lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbà lọ lọ́jọ́ yẹn, kì í ṣe kí ẹ kàn kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀. Obìnrin tó lóyún kì í wọlé ní ìpele yìí, wọ́n sì máa ń ṣe àyẹ̀wò oyún kí wọ́n tó gún un ní abẹ́rẹ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní Nàìjíríà, kò sí ẹni tó gbọ́dọ̀ dán oògùn wò lára èèyàn láìgba àṣẹ NAFDAC àti ti ìgbìmọ̀ ìwà ọmọlúàbí nínú ìwádìí tí NHREC, ìgbìmọ̀ ìjọba àpapọ̀ lórí irú ọ̀rọ̀ yìí, fọwọ́ sí. Ìdánwò oògùn Trovan tí Pfizer ṣe lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn ní Kano lọ́dún 1996, àti ẹjọ́ tó tẹ̀ lé e lórí bóyá àwọn òbí fọwọ́ sí i lóòótọ́, jẹ́ ìdí tó tó láti béèrè ìwé àṣẹ náà kí ẹ tó ká apá aṣọ sókè fún abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá sì ń ta “àjẹsára irorẹ́” fún yín lórí WhatsApp, irọ́ ló ń pa. Kò sí ẹni tó ń sanwó kó tó wọ ìdánwò gidi.

Ẹ má sì torí pé ẹ ń dúró de abẹ́rẹ́ fi ojú sílẹ̀. Ìpara benzoyl peroxide 2.5% tàbí 5% lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìpara adapalene 0.1% lálẹ́, ìwọ̀n ẹ̀wà kan fún gbogbo ojú, ṣì jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tó dára. Adapalene lè mú kí ojú gbẹ kó sì bó díẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹ lò ó ní alẹ́ kan, kí ẹ fo alẹ́ kejì, títí awọ á fi gbà á, nítorí lára wa bíbó yẹn fúnra rẹ̀ lè fi àmì dúdú sílẹ̀. Obìnrin tó ń gbèrò àtilóyún kó fi adapalene sílẹ̀ títí yóò fi bá dókítà sọ̀rọ̀. Benzoyl peroxide sì máa ń jẹ́ kí àwọ̀ aṣọ ìrọ̀rí ṣá, ẹ tẹ́ funfun sórí rẹ̀.

Bí ẹ bá wọ ìdánwò lóòótọ́, ẹ béèrè ohun mẹ́ta kí ẹ tó fọwọ́ síwèé, kí ẹ sì gba ìdáhùn rẹ̀ nínú ìwé. Ta ló ń san owó ìtọ́jú bí abẹ́rẹ́ náà bá pa yín lára, àti fún ọdún mélòó? Ṣé àwọn tó gba omi iyọ̀ á rí abẹ́rẹ́ gidi gbà bó bá yege? Aláwọ̀ dúdú mélòó ni wọ́n ti gbà wọlé, ta sì ni ẹni tó ń ka ojú wọn?